Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ta ni wọ́n ti pa èèyàn ẹ̀ rí tí wọ́n tún tú àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀?

Bàbá Faridah: Ẹ kú alẹ́ o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ló pa àbúrò ìyàwó mi, ọlọ́pàá mú ọmọ 3, ó pẹ́ díẹ̀ la gbọ́ pé lọ́yà ìjọba ní ẹnì kan ṣoṣo ló máa jẹ́jọ́, kí àwọn 2 yòókù máa lọ sílé. Kí ni wọ́n ń wò gan-an?

Ìyá Ìbejì Tankẹ́: Owó.

Akọ̀wé Lọ́yà: Ìyá Ìbejì ẹ má bínú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ó kàn máa ní kí wọ́n lọ tì wọ́n mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá ni, fáìlì á wá lọ sọ́dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wò ó pé ta ló fojú rí i, kí ni dókítà kọ, ọ̀bẹ ọ̀hún dà. Pé ọmọ ń ṣẹgbẹ́, ẹ̀sùn tiẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn, kò sọ pé òun ló gún un. Ìpànìyàn ní tiẹ̀, abala 221 Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn, ikú ni ìjìyà ẹ̀, àgbọ́sọ ò tó o.

Ọmọ Ọ̀fà: April 2018 ni wọ́n ja báńkì wa lólè l'Ọ́fà, September 2024 ni wọ́n tó dájọ́ ikú fún èèyàn 5 n'Ílọrin. Ṣebí wọ́n rí ẹ̀rí níbẹ̀.

Sùlè: Adigunjalè nìyẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà: Sùlè, ṣé òkú mọ ìyàtọ̀ ni?

Alhaja Alákàrà: Èmi fojú rí irú ẹ̀. Ọmọ yẹn sáré wọ abẹ́ tábìlì mi, sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀ kan já sínú ọpọ́n ẹ̀wà tí mo lọ̀, wọ́n fà á jáde níwájú mi. Ọlọ́pàá bi mí, mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀nà yẹn lọmọ mi ń gbà lọ síléèwé.

Sùlè: Ha, Alhaja! Ẹ̀yin náà lẹ tú wọn sílẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì Tankẹ́: Sùlè tọrọ àforíjì! Ṣé ìwọ lo máa bá a ṣọ́ ọmọ ẹ̀?

Bàbá Faridah: Ẹ fi Alhaja sílẹ̀. Àdúgbò tiwa náà, gbogbo ilẹ̀kùn ló tì lọ́jọ́ yẹn.

Akọ̀wé Lọ́yà: Pé wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé ò túmọ̀ sí pé kóòtù dá wọn láre o. Tí ẹlẹ́rìí bá jáde lọ́la, wọ́n ṣì lè gbé wọn padà.

Alhaja Alákàrà: Tí mo bá lọ sọ ọ́, ṣé wọ́n á kọ orúkọ mi síwèé?

Akọ̀wé Lọ́yà: Wọ́n á kọ ọ́, Alhaja. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà máa gba ẹ̀dà tiwọn.

Alhaja Alákàrà: Mo gbọ́.