Ọjọ́ mẹ́jọ ní Faransé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Manchester:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tèmi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Ábẹ́òkúta ti jọ ṣàdéhùn látìgbà yẹn pé tá a bá ti pé ogójì ọdún a ó lọ wo Faransé, ó ti wá pé báyìí, oṣù karùn-ún la fẹ́ gbéra láti UK níbí, ọjọ́ mẹ́jọ péré la rí gbà níbi iṣẹ́. Òun ń fẹ́ ìlú ńlá, Paris, mùsíọ́ọ̀mù, àwòrán. Èmi ń fẹ́ abúlé, odò, ibi tí mo ti máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. A ò ní wa mọ́tò, orúnkún sì ń yọ òun lẹ́nu tó bá di ká gun àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ká ṣe pín in tí ò fi ní dìjà?

Bàbá Ìbejì:
Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, pásípọ́ọ̀tù wo lẹ ní? Tó bá ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú ti UK ò lè mú yín wọ Faransé o, físà Schengen, èyí tí Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lẹ máa gbà, 90 yúrò fún àgbàlagbà, wọ́n á sì béèrè inṣọ́ránsì tó lè gbé owó ìtọ́jú tó 30,000 yúrò. Tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò nílò físà tí ò bá ti ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180. Ọkọ̀ ojú irin Eurostar ni kẹ́ ẹ wọ̀ ní sítéṣọ̀n St Pancras ní London, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti dé sítéṣọ̀n Gare du Nord ní Paris, láàárín ìlú gan-an.

Ìyá Tọ́lá:
Àbẹ̀kẹ́, ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò ní Faransé níbí, mo ti mú àlejò kiri títí, ohun tó máa ń ba ìrìn jẹ́ ò ju pé wọ́n fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́rin ní Paris, ọjọ́ mẹ́rin ní ìgbèríko, ó parí, ẹ má máa gbé báàgì kiri láràárọ̀. Mùsíọ́ọ̀mù Louvre kì í ṣí ní Túsìdè, mùsíọ́ọ̀mù Orsay kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Nítorí orúnkún yẹn, Orsay ni màá mú, kò fẹ̀ tó Louvre. Sítéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀, 1900 ni wọ́n ṣí i, 1986 ló di mùsíọ́ọ̀mù. Lókè lọ́hùn-ún, aago ràbàtà kan wà tójú ẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ẹ ó dúró lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ó máa wo odò Seine láàárín àwọn nọ́ńbà aago, ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur á hàn funfun lórí òkè tiẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò tíì mú ẹnì kan débẹ̀ tí ò dákẹ́ lọ fúngbà díẹ̀.

Métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ò dáa fún ọ̀rẹ́ yín, àtẹ̀gùn pọ̀, ọ̀pọ̀ sítéṣọ̀n ni ò ní lífíìtì. Bọ́ọ̀sì 69 ni kẹ́ ẹ wọ̀, ó ń gba Bastille, ó ń gba Louvre, ó ń gba ìtòsí Orsay títí dé ẹ̀bá Eiffel, ẹ ṣáà jókòó sídìí fèrèsé. Ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame tó jóná ní 2019 ti ṣí padà láti December 2024, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Tí iṣu àti ata rodo bá sì ń wù yín, ẹ lọ àdúgbò Château Rouge ní Paris.

Adéọlá Oníkẹ̀kẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Fún abúlé, ìlú Tours ni kẹ́ ẹ fi ṣe ibùdó. TGV, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an, láti sítéṣọ̀n Montparnasse ní Paris ò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Láti Tours, ẹ wọ TER, ọkọ̀ ojú irin agbègbè, lọ abúlé Chenonceaux, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ààfin tó wà níbẹ̀ gan-an ló máa já yín sí. Orí odò Cher ni wọ́n kọ́ ààfin yẹn lé, bí afárá, omi ń kọjá lábẹ́ yàrá. Diane, àlè ọba Henri Kejì, ló kọ́ afárá yẹn, nígbà tọ́ba kú ní 1559, Catherine tó jẹ́ ìyàwó ilé lé e jáde, ó fi ààfin Chaumont ṣe pààṣípààrọ̀ fún un, ó wá kọ́ gbọ̀ngàn gígùn sórí afárá tórogún ẹ̀ kọ́. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni mo ti dúró pẹ́ jù, ilẹ̀ ẹ̀ dúdú-funfun bíi pátákó dráfù, fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, omi lẹ máa rí níhà méjèèjì. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, bẹ́ẹ̀dì àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n tò síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí èmi àtọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ Sọ́ńdè la dé abúlé kan, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, gbogbo ilé oúnjẹ ti kó àga wọlé, ilé búrẹ́dì ti tì, ebi pa wá títí dalẹ́, a sì bínú síra wa torí ẹ̀. Láti aago méjìlá sí méjì ni wọ́n ń jẹ ọ̀sán níbẹ̀, ẹ jẹun lásìkò.

Káyọ̀dé Àjàṣẹ́:
Ará Pọ́tónófò lèmi, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ẹ fi ti ilé ṣe é: ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó béèrè nǹkan. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ bá gun bọ́ọ̀sì, «Bonjour madame», «Bonjour monsieur», kó tó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè nǹkan láìkí wọn, ojú burúkú ló máa rí, wọ́n sì láre, àwa náà ò ní gbà fún un nílé.

Ṣadé Reading:
Èmi ò gbà ti Tours o. Abúlé Giverny, níbi tí ọgbà Monet ayàwòrán wà, ti tó, ìṣẹ́jú bí àádọ́ta nínú ọkọ̀ ojú irin láti sítéṣọ̀n Saint-Lazare ní Paris dé ìlú Vernon, bọ́ọ̀sì á gbé yín débẹ̀, ilẹ̀ ọgbà yẹn tẹ́jú fún orúnkún. Monet gbébẹ̀ láti 1883 títí tó fi kú ní 1926, adágún tó ń yà náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣíbàtà lójú omi. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, èrò máa ń pọ̀.

Adéọlá Oníkẹ̀kẹ́:
Àǹtí Ṣadé, Giverny dáa, àmọ́ wọ́n á padà sáriwo Paris lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà. Ohùn ẹyẹ ni Àbẹ̀kẹ́ ń wá, ẹ jẹ́ kó sùn níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ti ìjà tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù: ẹ da owó oúnjẹ àti ti ọkọ̀ pọ̀ sínú àpò kan látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún ara yín ní ọ̀sán kan tónikálùkù máa dá rìn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lyon, nígbà tá a pàdé lálẹ́, a ní ọ̀rọ̀ sọ dòru.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti kà á sétí ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Paris láti Sátidé, Orsay ní Sọ́ńdè kí wọ́n tó tì í ní Mọ́ńdè, Tours láti Wẹ́sìdè. Òun ló ní ká fi Giverny kún ọjọ́ Túsìdè.

Ìyá Tọ́lá:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí Sọ́ńdè yẹn bá jẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni Orsay, àmọ́ ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.