Ṣé MacGregor ni àwọn Drummond ilé ọkọ mi?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìdílé Scotland, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ará Perthshire ni bàbá ọkọ mi, Drummond ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ wọ́n ní MacGregor, ọmọ Gregor, ni àwọn tẹ́lẹ̀. Ọba James Kẹfà fòfin de orúkọ náà lọ́dún 1603, ọ̀pọ̀ wọn bá sá sábẹ́ orúkọ onílẹ̀ tó gbà wọ́n. Rob Roy gan-an, akọni MacGregor olókìkí nì, lo orúkọ Campbell. 1774 ni òfin yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìkà gbáà ni! Nínú ìwé ìrìbọmi ìjọ Comrie, akọ̀wé kọ “Drummond als.” (ìkékúrú “alias”, ìyẹn orúkọ mìíràn), tàdáwà wá bo ìyókù. Ṣé orúkọ àtijọ́ ló máa ń tẹ̀ lé “als.”? Ìwé wo la tún lè yẹ̀ wò ní Edinburgh? Ṣé àyẹ̀wò DNA ìlà baba sì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀?