Yàrá tí òbí ti ń wá rí ọmọ nílé ìtọ́jú ọmọ: kí la lè ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́ kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwa ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ wa níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó ti pẹ́ tá a ti ń lọ sílé ọmọ kan, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ò sí lọ́dọ̀ òbí wọn, a máa ń kó ìrẹsì, ọṣẹ, mílíìkì, pámpásì lọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Nígbà tá a lọ kẹ́yìn la wá bá ìyá kan tó wá wo ọmọ ẹ̀. Torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ibẹ̀ ni òbí wọn ti kú o, ẹlòmíì ìyá ẹ̀ ń gba ìtọ́jú ọpọlọ lọ́wọ́, ẹlòmíì bàbá ẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ẹlòmíì sì rèé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ nílé ló pọ̀ jù tí wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, fi lọ mú un.

Yàrá tí wọ́n kó wọn sí, ọ́fíìsì àtijọ́ ni. Fáìlì kún kọ̀nà, tébù gbàǹgbà kan wà láàárín, ìyá jókòó lápá ọ̀hún, ọmọ wà lápá ibí lórí àga àgbàlagbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀, òṣìṣẹ́ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ní ṣó o ti jẹun? Ọmọ ní ẹ́n. Ṣó ò ń lọ síléèwé? Ẹ́n. Ó tán, wọn ò rí nǹkan sọ mọ́, wọ́n kàn ń wo tébù. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Mátírọ̀nù tó ń bójú tó ilé náà ti gbà ká bá wọn tún yàrá yẹn ṣe. Owó wa ò tó nǹkan ṣùgbọ́n a lọ́wọ́ tá a lè fi ṣiṣẹ́. Kí la máa rà, kí ni kò yẹ ká kó débẹ̀ rárá? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Wẹ́fíà Ọ̀yọ́ fèsì pé:

Ẹ ṣeun Mọ̀mí, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ìbejì. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ lè ní ẹnu ọ̀rọ̀ bí ẹnì kan bá ní kí lẹ ń dá ara yín láàmú sí. Kí òbí máa wá rí ọmọ ẹ̀, wọn ò fi ṣàánú fún un. Nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 1989, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí ní 1991, ó wà níbẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá yà kúrò lọ́dọ̀ òbí ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí i déédéé, àfi tó bá máa pa ọmọ náà lára. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tiwa ní 2006. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, a fẹ́ kí wọ́n padà sílé lọ́jọ́ kan ni, tí wọn ò bá wá mọ ojú òbí wọn mọ́, ilé wo ni wọ́n fẹ́ padà sí?

Tébù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ìyá àti ọmọ lè jókòó pọ̀. Ẹ fi àga òṣìṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan létí fèrèsé, torí àwọn kan wà tí kóòtù ti ní a gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan ká dúró lé wọn lórí bíi wọ́dà. Ẹ sọ fún wọn nílé yẹn pé tí àsìkò bá ti ń tán lọ kí wọ́n ti máa ta wọ́n lólobó, kì í ṣe kí wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn gbàgà kí wọ́n ní ó ti tó, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pínyà yẹn ló le jù fọ́mọ.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì gàdàgbà sára ògiri. Ẹ má fi ojú ọmọ kankan sórí Facebook tàbí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp.

Àbẹ̀kẹ́ fèsì pé:

Ilé ọmọ lèmi náà dàgbà sí. Àìsàn ló dá ìyá mi dùbúlẹ̀ nígbà yẹn tí ò fi lè tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ó ń wá. Tó bá ti dé, kì í bi mí ní nǹkan kan, á ní kí n wá jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ òun, á tú irun mi, á yà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣùkú. Bó ṣe ń dì í lá máa kì mí. Orúkọ oríkì mi, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn, òun nìkan ni. Torí pé ẹ̀yìn orí mi ló ń rí, tí a ò wojú ara wa, ibẹ̀ lẹnu mi ti máa ń là, màá wá máa ro gbogbo ẹjọ́ iléèwé fún un. Tó bá lọ tán mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú irun yẹn, kódà tó bá ti gbó.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ọmọláńgidi, ẹ ra òòyà, ìlàrí, òwú àti adí àgbọn, kẹ́ ẹ kó o sínú agbọ̀n kan níbẹ̀. Ẹ fi dígí kékeré sí i. Ẹ jẹ́ kí ìyá rí nǹkan fọwọ́ ṣe fún ọmọ ẹ̀, kó má jẹ́ pé ó wá jókòó bí àlejò. Àwọn ọmọkùnrin àtàwọn tó ti dàgbà, ẹ má fi nǹkan ọmọ ọwọ́ lọ̀ wọ́n, ẹ bá wọn wá ayò àti lúdò. Fọ́tò tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má gbé sórí ẹ̀rọ yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí wẹ́fíà bá fọwọ́ sí i, ẹ ya ìyá àtọmọ pọ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kọ́mọ mú ọ̀kan, kíyàá mú ọ̀kan. Èmi ò ní ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ pé èmi àti ẹ̀ la jọ wà níbẹ̀.

Káfíńtà Aráàdá fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ìyá. Èmi á kan àpótí ìjókòó kéékèèké àti ṣẹ́ẹ̀fù fún yín, mi ò ní gbowó iṣẹ́, owó pákó nìkan. Màá fá gbogbo etí ẹ̀ kó dán kó má gún ọmọ. Ọ̀dà ògiri, ẹ ra olómi, ẹ má ra elépo tó ń rùn yẹn, kẹ́ ẹ sì kùn ún kó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ tó wọbẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Mo lè gbẹ́ ọpọ́n ayò náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò 48 ló ń lọ sínú ihò 12 yẹn, ọmọ kékeré á sì fi sẹ́nu tàbí kó tì í bọ imú, orí ṣẹ́ẹ̀fù lókè ni kó máa wà o.

Adélabú fèsì pé:

Ẹ má bínú sí mi. Ìyá tó jẹ́ pé òṣì ló jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ wá ń kun ọ̀dà. Kí ló dé tẹ́ ò kó owó yẹn fún un kó mú ọmọ ẹ̀ relé?

Wẹ́fíà Ọ̀yọ́ fèsì pé:

Bọ̀dá, ẹ ò jẹ̀bi. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2009 gan-an, wọ́n ní òṣì nìkan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí tí wọ́n á fi gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, ká wá iṣẹ́ fún un ló kù. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà ní ọsibítù tàbí bàbá tó wà lẹ́wọ̀n ńkọ́? Ọmọ yẹn á ṣì máa dúró dè wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ níbi tó ti máa rí wọn. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn tún rán mi létí nǹkan kan, Mọ̀mí: àwọn òbí kan ò wá torí owó ọkọ̀. Láti abúlé apá Orílé-Ìgbọ́n wá sígboro, lọ àti bọ̀, owó ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìyẹn, kẹ́ ẹ kó o sọ́wọ́ mátírọ̀nù.

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o pa mí lẹ́kún. Kátẹ́ẹ̀nì olówó ńlá la fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, a ti fi sílẹ̀, àdìrẹ tó wà nílé la máa rán, owó ẹ̀ á di owó ọkọ̀. Òòyà àti ẹní la máa kọ́kọ́ rà. Bọ̀dá Káfíńtà, ṣé ṣẹ́ẹ̀fù yẹn á nílẹ̀kùn?

Káfíńtà Aráàdá fèsì pé:

Ti òkè á nílẹ̀kùn. Ti ìsàlẹ̀ á ṣí sílẹ̀ kọ́mọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ mú nǹkan. Ẹ bá mi wọn ògiri yẹn lọ́la, ẹ wọn ibi tí fèrèsé bẹ̀rẹ̀ náà.