Ọmọ mi fi búlúù kun ewúrẹ́, àǹtí rẹ̀ fa X sí i, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Kòrede (Kubwa):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin, ní nọ́sìrì tó ń lọ níbí, ABC àti nọ́ńbà ni wọ́n ń dà kọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí wọ́n kun ewúrẹ́ inú ìwé, tèmi bá fi búlúù kùn ún, ó tún ya bàtà sí i lẹ́sẹ̀, àǹtí rẹ̀ fa X gàdàgbà sí i. Mo ní kí ló dé tí ewúrẹ́ fi wọ bàtà, ó ní ilẹ̀ ń gbóná, ṣebí ọ̀sán ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín àmọ́ láti ọjọ́ náà, kó tó kun nǹkan á kọ́kọ́ wò mí lójú, "Mọ́mì, kọ́lọ̀ wo ni kí n lò?" Kì í bèèrè tẹ́lẹ̀ o. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọgbọ́n àtinúdá ò fi ní kú mọ́ ọmọ nínú? Àbí tọ́ì olówó ńlá tí wọ́n ń tà ní Wuse ni kí n lọ rà? Owó ò sí o, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Ìbejì (Nyanya):
Ìyá Kòrede, ẹ má rà á. Ẹ wo àwọn ọmọ Hausa àdúgbò yín: agolo mílíìkì, sálúbàtà tó já tí wọ́n gé róbótó-róbótó ṣe táyà, igi tí wọ́n fi gún un láàrin, okùn, ọkọ̀ ti dé nìyẹn. Àwọn tèmi wò wọ́n títí, Kẹ́hìndé bá ní tòun á jẹ́ tánkà, ó so agolo tòmátì mọ́ra, àmọ́ ó kàn ń ya sí ọ̀tún ni. Mo fẹ́ bá a tún un ṣe, ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀. Ó tú u, ó tún un dè, ó tún tú u, àfìgbà tó rí i pé táyà kan tóbi ju èkejì lọ. Ẹ ṣáà bá a lu etí agolo náà pẹlẹbẹ kó má gé e lọ́wọ́.

Àǹtí Nọ́sìrì (Kaduna):
Tíṣà ni mí, kí n gbèjà àwọn ẹgbẹ́ mi díẹ̀: òbí ló ń fúngun mọ́ wa, tí ìwé ò bá kún wọ́n á ní a ò ṣiṣẹ́. Montessori tí wọ́n ń kọ sára báńnà skúùlù káàkiri yìí, Róòmù ni Maria Montessori ti ṣí tiẹ̀ ní 1907, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń mú iṣẹ́ tó wù wọ́n ṣe. Ẹ wọ inú èyí tó wà lójú títì yín wò, ìwé àdàkọ lẹ máa bá. Tó bá ya nǹkan, ẹ má kàn ní "ó dáa" kẹ́ ẹ kọjá lọ, ẹ ní kó wá ròyìn ẹ̀. Yorùbá ni kẹ́ ẹ sì fi bi í, torí ọmọ tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì kiri lẹ́nu, kó tó rí i, ohun tó fẹ́ sọ ti sá lọ. Ilé-Ifẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 prámárì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Dádì Lugbe:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ewúrẹ́ búlúù ni wọ́n máa bi í ní íńtáfíù Prámárì Wáànù? Kí tèmi mọ̀wé kọ ná jàre.

Alhaja Minna:
Dádì Lugbe, kò sẹ́ni tó ní kó má kọ̀wé. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ńkọ́? Àwọn WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 ò gbọdọ̀ jókòó tì í ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́, tó bá tiẹ̀ dín sí i ó dáa jù. Nílé mi, tí wọ́n bá ti mú iná, àlọ́ ni. Mo máa pa á dé ibi tí Ìjàpá ti há, mo máa dákẹ́, "Ó yá, báwo ló ṣe máa sá lọ?" Ọmọ ọmọ mi ní á wọ kẹ̀kẹ́ Napep. Mo ní kò lówó lọ́wọ́. Ó ní á fi ìkarahun ẹ̀ dógò!

Ìyá Kòrede (Kubwa):
Háà Alhaja, ẹ pa mí o 😂 Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Bàbá Ìbejì, igi wo lẹ lò sí táyà yẹn? Ìgbálẹ̀ ilé mi ń kán.

Bàbá Ìbejì (Nyanya):
Igi ṣuyà ni. Ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mai suya, kẹ́ ẹ sì gé ẹnu ẹ̀ tó mú kúrò.