Bí a ṣe gba ọmọ wa ọkùnrin lọ́dọ̀ káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó béèrè bóyá owó ni wọ́n fi ń gba ọmọ tọ́, kó di ọmọ ẹni, lọ́dọ̀ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) níbí, rárá o. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ọmọ. Ọ̀rọ̀ inú ẹni ni wọ́n ń gbà.

Ìpele 2 ni àyẹ̀wò wọn: àkọ́kọ́ tó nǹkan bí oṣù 2, èkejì tó oṣù 4. Ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà, onídùúró, yàrá ọmọ, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni kí social worker, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, jókòó sí pálọ̀ ẹni, kó máa béèrè bóyá bàbá ẹni máa ń nani ní kékeré, àti ohun tí a rò sí i báyìí. Ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, àjà ló ń wò.

Ọmọ náà ń lọ sí ọdún 3 nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ dúdú, pàápàá ọkùnrin, ló máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó rí ilé. Ìyá alágbàtọ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, obìnrin Jàmáíkà kan tó ṣèèyàn, kó búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún wa, ó ní ká má fọ̀ ọ́, òórùn ilé òun ló wà lára rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n rí búláńkẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ní irú ẹ̀gbin wo nìyí? Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti wà lórí okùn, ó ń kán omi tó-tó-tó.

Ọmọ sunkún di ìdájí. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹkún àkẹ́jù. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Màmá fúnra wọn ló pọ̀n ọ́n, wọ́n ń rìn yí pálọ̀ ká, wọ́n ń kì í ní oríkì ilé wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 10 tí òfin ní kó fi gbé lọ́dọ̀ wa ká tó lè kọ̀wé sí kóòtù ò tíì pé!

Kóòtù ti fọwọ́ sí i báyìí. Orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́ ló ṣì ń jẹ́, a wá fi Ayọ̀délé kún un. A máa ń kọ lẹ́tà sí ìyá náà lọ́dọọdún, káńsù ló ń bá wa fi jíṣẹ́. Ẹbí kan ní ká jáwọ́, kó má baà wá gba ọmọ rẹ̀. Mo ní àdírẹ́ẹ̀sì wa ò sí níbẹ̀, ẹ sinmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré ra nǹkan tuntun kún yàrá. Ẹ béèrè ọṣẹ tí alágbàtọ́ fi ń fọṣọ, kí ẹ ra irú rẹ̀ sílé.