Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bàbá mi ga, ṣé epo pupa la máa pa tì ni?

Àbíkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá mi, ẹni ọdún 62, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èsì tí láàbù fún wọn nìyí: àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù 251, LDL (èyí tí wọ́n ní kò dáa) 172, HDL (èyí tí wọ́n ní ó dáa) 46, triglyceride (irú ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀) 165, mg/dL ni gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà kọ atorvastatin, oògùn tó ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, fún wọn, ó ní kí wọ́n dín ọ̀rá kù, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ò ti rójú. Màmá ní epo pupa ló fà á, wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orí igi ni epo ti wá, kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kankan nínú rẹ̀, kí bàbá máa jẹ ẹ́ lọ. Aládùúgbò wa ní òróró àgbọn ni ká rà. Bàbá fúnra wọn kò tíì gbé oògùn náà sẹ́nu, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ fi oúnjẹ wò ó ná. Ẹ̀fọ́ tí epo léfòó lórí rẹ̀, bọ̀kọ́tọ̀, ṣàkì, àti ẹyin méjì láràárọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Òróró wo ni ká máa lò? Ẹran wo ni ká dín kù? Ẹyin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Àbíkẹ́ ọmọ mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Ọ̀rọ̀ oògùn ni màá kọ́kọ́ mú: kí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. LDL 172, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ orí 62: nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹnì kan, oúnjẹ nìkan ò ní ká a. Kí wọ́n lo oògùn, kí wọ́n sì tún oúnjẹ ṣe pẹ̀lú.

Ní ti màmá àti ẹ̀gbọ́n rẹ, kálukú wọn ló mú apá kan òótọ́ dání. Lóòótọ́, kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú epo pupa. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà la ti ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara wa, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀dọ̀ ló sì jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. LDL ló ń gbé e káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó máa ń gbá LDL mú, tí yóò fà á wọlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Brown àti Goldstein, dókítà méjì ní Texas, ló ṣàwárí rẹ̀, òun ló sì mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985. Bí èèyàn bá ń jẹ irú ọ̀rá tó máa ń dì nínú òtútù lájẹjù, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní saturated fat, àwọn tó ń gbá LDL mú wọ̀nyẹn á dín kù lára ẹ̀dọ̀. LDL á wá kù sínú ẹ̀jẹ̀, á máa pọ̀ sí i. Bó bá pẹ́, á máa wọnú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ á máa nípọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á máa fún. Iṣan tó ń bọ́ ọkàn lè dí lójijì. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ ló dí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ ọ̀rá dídì yìí. Ìdí nìyẹn tí ohun tí kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú fi lè gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹni ga. Kí màmá gbé kẹ́ẹ̀gì wọn jáde, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wọn epo kí wọ́n tó dà á sí ìkòkò.

Ìyá_Olóbẹ̀

Mo ń se oúnjẹ tà, àwọn oníbàárà tí dókítà ti kìlọ̀ fún sì pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mò ń ṣe fún wọn ni màá sọ.

Ẹ yé da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì tààrà. Ẹ bù ú sínú ìgò kékeré, kí ẹ máa fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n. Ìkòkò ẹ̀fọ́ tí èèyàn mẹ́fà máa jẹ, ṣíbí mẹ́ta tó o. Ẹ jẹ́ kí omi ata gbẹ dáadáa kí epo tó wọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i. Irú ló ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ta sánsán, kì í ṣe epo tó léfòó. Ẹ má sì gbé epo kaná títí tí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi máa ṣí. Inú àwọ̀ yẹn ni ohun tí ara ń sọ di fítámìn A wà. Iná á jó o dànù, ọ̀rá dídì á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má fi bọ̀kọ́tọ̀ du bàbá pátápátá. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń sè é. Bí omi rẹ̀ bá ti tutù, màá gbé e sínú fíríìjì di àárọ̀. Tí mo bá ṣí i, ọ̀rá á ti gbá jọ sókè, á funfun, á le bí àbẹ́là. Màá ti ṣíbí bọ abẹ́ rẹ̀ létí abọ́, odindi rẹ̀ á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, màá dà á nù. Èyí tó kù nísàlẹ̀ á ti dì, á máa gbọ̀n rìrì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rá, ohun tó jáde lára awọ àti iṣan ẹran ni, òun ni mo fi ń se ọbẹ̀. Ọ̀rá tó bá lẹ̀ mọ́ ṣàkì, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò kí ẹ tó gbé e kaná.

Ẹ jẹ́ kí ṣáwá, títù àti ẹja gbígbẹ rọ́pò ẹran lọ́jọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Ẹ̀gúsí dára, òróró inú rẹ̀ kì í ṣe irú tó ń dì, epo tí a ń dà lé e lórí ló ń bà á jẹ́. Ẹ dín mágì àti iyọ̀ kù, ẹ rántí pé bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Adé_Alágbọn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ọ̀rá dídì. Òróró àgbọn ni mò ń lò nílé mi, ó ń gbé HDL ga, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó dáa. Àwọn bàbá ńlá wa jẹ epo, wọ́n jẹ àgbọn, wọ́n sì darúgbó kùjọ́kùjọ́. Mo tún kà á pé ní 2014, àwọn olùṣèwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọn ò sì rí i pé ọ̀rá dídì ló ń fa àìsàn ọkàn. Kí ló dé tí a fi ń kó àwọn àgbà láyà sókè?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìjẹun

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ má bínú, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Òróró àgbọn: ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá dídì, ó fi púpọ̀ ju epo pupa lọ. Àdín náà ò gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbé HDL ga, àmọ́ ó ń gbé LDL náà ga. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ jọ ní 2020, LDL àwọn tó ń lò ó fi nǹkan bíi 10 mg/dL ga ju ti àwọn tó ń lo òróró tí kì í dì lọ. Wọ́n sì ti ṣe oògùn tó ń gbé HDL sókè rí, wọn ò rí i kó gba èèyàn lọ́wọ́ àìsàn ọkàn. LDL ni kí ojú wa wà lára rẹ̀. Aládùúgbò Àbíkẹ́ fẹ́ràn wọn ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà ni kí wọ́n rà: ọ̀rá dídì inú wọn kò ju bí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìwádìí 2014 yẹn wáyé lóòótọ́. Ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni pé, àwọn tó dín ọ̀rá dídì kù, kí ni wọ́n fi dípò rẹ̀? Ẹni tó yọ epo lóúnjẹ, tó wá ń fi búrẹ́dì funfun àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò yó, kò tíì ṣe nǹkan kan fún ọkàn rẹ̀. Ẹni tó fi òróró tí kì í dì, ẹja, ẹ̀pà àti ẹ̀wà dípò rẹ̀ ló ń rí èrè. Àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí tó ń kó àwọn ìdánwò ìṣègùn jọ láti gbé wọn yẹ̀ wò, kó ìdánwò 15 jọ ní 2020, èèyàn tó wà nínú wọn ju 50,000 lọ. Láàárín àwọn tó dín ọ̀rá dídì kù fún ọdún méjì ó kéré tán, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àtàwọn ìyọnu iṣan ẹ̀jẹ̀ míì, tí a bá kó wọn pọ̀, fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní ti iye ẹni tó kú, ìyàtọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìyẹn náà.

Ní ti àwọn bàbá ńlá wa, ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun wà lára wọn, àti àwọn ará Yunifásítì Indiana ti ń fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Àrùn ìgbàgbé ni wọ́n torí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jẹ epo pupa, kò sí àní-àní. Àmọ́ iṣu, ọkà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ẹran ò tó nǹkan, wọn ò sì sanra. Epo inú ọbẹ̀ ẹni tí ẹran rẹ̀ kò ju ègé kan lọ, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, kò lè jẹ́ bákan náà pẹ̀lú epo ẹni tó jókòó sínú mọ́tò láti àárọ̀, tó ń jẹ ẹran mẹ́rin lálẹ́. Irú ayé àwọn bàbá ńlá wa kọ́ ni bàbá Àbíkẹ́ ń gbé báyìí.

Ayọ̀_Peckham

Ẹ ǹlẹ́ o, láti Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìgò àti páálí, ẹ wá ibi tí wọ́n bá kọ "saturates" sí. Ọ̀rá dídì náà nìyẹn. NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ní kí ọkùnrin má jẹ ju giráàmù 30 rẹ̀ lọ lóòjọ́, kí obìnrin má ju 20 lọ. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan ṣoṣo ní nǹkan bíi giráàmù 7. Ẹni tó bá jẹ ṣíbí mẹ́rin nínú àwo ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kò tíì fọwọ́ kan ẹran. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí bísíkíìtì àti nudulusi náà, epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tó wà ní England, tí ẹ wà láàárín ọdún 40 sí 74, NHS ń ṣe àyẹ̀wò kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ pè yín, ẹ lọ.

Bàbá_Ìjẹ̀bú

Àbíkẹ́, bá mi kí bàbá rẹ. Sọ fún wọn pé ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí irú oògùn yẹn. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn ni pé bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dá a dúró mọ́, àbí? Mo mọ̀ ọ́n. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ará Japan kan, Akira Endo, ló rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lára èbu ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, 1987 sì ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn fún títà. Ó lè fa LDL wálẹ̀ ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ nìkan, bí èèyàn bá tiẹ̀ ṣe é dáadáa, agbára káká ló fi máa ń kọjá ìdá 15.

Bí ẹran ara bá ń ro wọ́n, kí wọ́n padà lọ bá dókítà, á yí ìwọ̀n rẹ̀ padà tàbí kó fún wọn ní òmíràn. Kí wọ́n má kàn dá a dúró. Bí wọ́n bá ń mu àgbo, kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà láìfi bò.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹyin. Pupa ẹyin ńlá kan ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó sún mọ́ 200 mg. Tẹ́lẹ̀, Amẹ́ríkà ní kí èèyàn má kọjá 300 lóòjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ òǹkà yẹn kúrò nínú ìlànà wọn ní 2015, torí pé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rá dídì ló ń gbé LDL ga ju kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ lọ. Síbẹ̀, pẹ̀lú LDL bàbá, méjì láràárọ̀ ti pọ̀ jù. Kí wọ́n jẹ ẹyọ kan, kì í ṣe lójoojúmọ́, kí wọ́n sè é. Bí wọ́n bá fẹ́ kó pọ̀ lójú àwo, kí wọ́n fi funfun ẹyin kún un. Ọpọlọ ẹran ni kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Àbíkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, mà, sà. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá létí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjẹ̀bú ló wọ̀ wọ́n lára jù, wọ́n ti lo oògùn náà lálẹ́ àná. Màmá ti gbà sí ṣíbí mẹ́ta. Ó ku ìbéèrè méjì: dùndún àti àkàrà ọjọ́ Sátidé ńkọ́, ṣé a lè tún òróró tó ṣẹ́ kù lò? Àti pé ìgbà wo ni kí bàbá padà lọ sí láàbù, ṣé dandan ni kí wọ́n má tíì jẹun?

Ìyá_Olóbẹ̀

Ẹ fi ẹ̀wà yẹn ṣe mọ́ínmọ́ín dípò àkàrà. Iṣu tí ẹ fẹ́ fi ṣe dùndún, ẹ sun ún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tilẹ̀ máa dín nǹkan, òróró ẹ̀pà ni kí ẹ lò, kí ẹ má jẹ́ kó rú èéfín. Èyí tó bá ti dúdú, ẹ dà á nù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, láàbù kan náà, kí wọ́n mú èsì àkọ́kọ́ yìí dání. Wọ́n lè jẹun kí wọ́n tó lọ, àfi bí dókítà bá ní òun fẹ́ tún triglyceride yẹn wò, ìgbà yẹn ni kí wọ́n lọ láìjẹun. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́jọ́ kan náà, n kò rí i nínú èsì tí o kọ síbí.