Táyà tíráàkì fún Type R: èjìká onígun àbí róbótó? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá!

Ọmọ_Ọ̀ffà_Dartford: Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, Sátidé yìí ni mò ń lọ Brands Hatch, tíráàkì ìdíje mọ́tò ní Kent, táyà iwájú mi sì ti jẹ tán. Èjìká, ibi tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ní onígun ni kí n rà, ẹlòmíì ní róbótó ni. Honda Civic Type R ni mọ́tò mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o, fọkanáísà ń retí mi.

Bọ̀ọ̀dá_Gééjì: Àbúrò, Type R wo? FK8 ni àbí FL5 tó tẹ̀lé e? Rìímù tó bá a wá náà ni àbí o ti pààrọ̀ ẹ̀? Kámbà ńkọ́, bí orí táyà ṣe dà sínú? Ibo ló ti jẹ lára táyà, etí ìta àbí àárín? Ẹni tó bá ní ra eléyìí láì bi ẹ́ ní gbogbo ìyẹn, owó ẹ ló fi ń ṣeré.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Essex: Onígun jàre, kí la tún ń sọ. Ojú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dé etí, rọ́bà tó kan ilẹ̀ pọ̀, tó o bá wọ Druids, kọ́nà tó ká gan-an ní Brands, kò ní máa mì bí ẹ̀kọ inú ewé.

Àdùkẹ́_Clio: Ìjẹ̀bú, ẹ rọra. Mọ́tò tí kámbà ẹ̀ ò tó nǹkan, tó bá ti wọ kọ́nà, táyà tó wà níta á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí onígun yẹn gan-an ló máa fi họ ilẹ̀. Ti Clio mi ò lò ju ìdajì ọjọ́ lọ, àfi bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Róbótó máa ń rọra yí ni, á ti kìlọ̀ fún ẹ kó tó yọ̀. Onígun ò mọ ìkìlọ̀ o, á dì ẹ́ mú, á dì ẹ́ mú, á kàn fi ẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Essex: Ẹjọ́ kámbà nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ táyà.

Ọmọ_Ọ̀ffà_Dartford: FK8 ni bọ̀ọ̀dá, rìímù 20 íńṣì tó bá a wá, mi ò fọwọ́ kan kámbà rí. Etí ìta ló ti jẹ, wáyà inú táyà ti ń yọjú lápá òsì.

Àdùkẹ́_Clio: Wáyà ti yọ, o sì ń wà á lọ síbi iṣẹ́???

Mo_Kọ_Tòkunbọ̀: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. 2022 mo ra tòkunbọ̀ méjì lábẹ́ bíríìjì rélùwéè kan ní London, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, èjìká onígun gidi, ojú ẹ̀ ṣì ga, ọkùnrin yẹn ní bíi tuntun ni, èmi náà ò wo nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àṣé 1415 ló wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá 2015, rọ́bà ti gan bíi pátákó. Ìyípo kẹrin ni o, mo dé Paddock Hill, kọ́nà kan ní Brands, ẹ̀yin náà mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń já sísàlẹ̀ bí ẹni bọ́ láti orí àgà, mo kàn gbọ́ gbà gbà gbà, èjìká táyà òsì ń já kélekèle bíi búrẹ́dì, mọ́tò gba inú òkúta wẹ́wẹ́ lọ, ìyàwó mi sì wà lókè ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ní títì nìkan làwọn mọ̀, àwọn ò mọ tíráàkì.

Ìyá_Ìbejì_Kent: Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ò fara pa? Ìyàwó yín ti pa fídíò yẹn rẹ́ ṣá?

Mo_Kọ_Tòkunbọ̀: Mo dúpẹ́ mà. Kò pa á rẹ́ o, gbogbo Kérésì ló ń fi hàn wọ́n.

Ọmọ_Mushin: Ẹ̀yin ará London ẹ má ba tòkunbọ̀ jẹ́, òun la fi ń lọ Ìbàdàn níbí. Táyà wo ló dáa fún Camry 2010? Kòtò ti fẹ́ pa mí.

Àdùkẹ́_Clio: Tòkunbọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ ni. Èmi ṣì ń rà á, mo máa ń wo nọ́ńbà ni.

Mo_Kọ_Tòkunbọ̀: Tó o bá bá ara ẹ nínú òkúta wẹ́wẹ́, wá bá mi sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Clio: Ẹni tí ò wo nọ́ńbà ló bá ara ẹ̀ níbẹ̀ sà.

Oníbúréèkì: Ẹ fi táyà sílẹ̀ ná, ṣé ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì búréèkì? Tó bá hó nínú páìpù, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wọlé tán, mọ́tò ò ní dúró.

Bọ̀ọ̀dá_Gééjì: Ó ti di ọjà. Ọmọ Ọ̀ffà, gbọ́. Bí kámbà ẹ ṣe wà yẹn, róbótó ni kó o rà, onígun ń bọ̀ lọ́jọ́ tó o bá ti ṣe kámbà. Onígun tún máa ń sanra ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára lọ, tó o bá wá fẹ́ kúrò ní táyà tó fẹ̀ tó 245 mm bọ́ sí 265, á máa ha inú fẹ́ńdà. Kọ́nà ọ̀tún ló pọ̀ jù ní Brands, iwájú òsì ló ń jìyà ẹ̀, torí náà tó o bá jẹun ọ̀sán tán, pààrọ̀ òsì sí ọ̀tún, àfi tí wọ́n bá fi àmì sí i pé apá kan ló gbọ́dọ̀ yí sí. Mú ẹfun dání, fi fa ìlà láti ojú táyà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, yí po mẹ́ta, kó o wọlé wá wò ó. Táyà púpọ̀ ní igun mẹ́ta kékeré kan ní èjìká, tí ẹfun bá pa rẹ́ kọjá ẹ̀, táyà ti ń dà jù, fi atẹ́gùn kún un. Tí kò bá dé ibẹ̀, yọ díẹ̀. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 28 psi tó bá tutù, tó bá gbóná tó lé ní 35 mo máa ń yọ ọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Essex: Mo ṣì wà lórí onígun tèmi.

Ọmọ_Ọ̀ffà_Dartford: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra táyà Michelin Pilot Sport 4S mẹ́rin, òun ni fọkanáísà ní nílẹ̀, ó ní òun á wọ̀ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Fraidé. Mi ò tiẹ̀ rántí wo èjìká ẹ̀. Àmọ́ mo ti jí ẹfun ọmọ mi.

Bọ̀ọ̀dá_Gééjì: Táyà títì nìyẹn o! Ó dáa, òjò kò ní dààmú ẹ. Gééjì atẹ́gùn ẹ̀ dáadáa.

Ọmọ_Mushin: Camry mi ńkọ́?